Ilẹ̀ Tó Mì Nìkan Kọ́ Ló Ń Pani



Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Haiti. Àwọn tó kú lé ní 100,000. Ní oṣù kejì, ilẹ̀ Chile náà mì. Tiwọn le ju ti Haiti lọ fíìfíì, síbẹ̀ àwọn tó kú kò tó 1,000. Ohun pàtàkì kan tó fà á ni pé Chile ní òfin ilé kíkọ́, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹ má sọ pé kò kàn wá. Ilẹ̀ mì ní Accra ní 1939, ènìyàn kú. Ó mì díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984. Láti Lekki dé Ajah, orí iyanrìn àti irà tí a dí ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Bí irú ilẹ̀ olómi bẹ́ẹ̀ bá mì gidi, ó lè rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ilẹ̀ kò tilẹ̀ mì ní oṣù kẹta 2016 tí ilé alájà márùn-ún fi wó ní Lekki, tó pa ènìyàn tó lé ní 30.

Nínú Deuteronomi 22:8, Ọlọ́run di ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ ru onílé tí kò mọ ìgbátí sí òrùlé rẹ̀. Ẹni tó dín sìmẹ́ǹtì kù kì í sùn sínú ilé náà. Ayálégbé àti lébìrà ló ń sùn níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tèmi, ẹ má gba rìbá buwọ́ lu pílánù. Ẹ̀yin ayálégbé, bí ògiri bá lanu, ẹ fi tó LASBCA létí.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ wa. Kí àwa náà ṣọ́ ọmọnìkejì wa. Àmín.