Èwo Ni Kí A Rà: Ẹ̀rọ Oníjíà Tàbí Ẹ̀rọ Oníbẹ́líìtì?

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sọ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìwé kíkà

Ní alẹ́ òní a kò ní í ka ìwé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ owó wa ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Gbogbo wa ni a mọ bí a ṣe rí owó náà. Ìkórè kòkó mẹ́ta ni àwa mọ́kànlá fi dá a jọ. Ẹlòmíràn ta ewúrẹ́ rẹ̀ kún un. Ìdí tí a fi dá a ni pé ọ̀nà tí ó ti oko wa dé ẹ̀bá títì jìnnà, ó sì ga. Ẹni tí ó bá mọ òkè Ìdànrè yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ọkọ̀ kò lè gba ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀kadà pàápàá a máa ṣubú. Orí ni àwọn obìnrin wa fi ń ru kòkó wá sí títì. Ní ọdún tí ó kọjá, àpò méjì bọ́ sínú odò, ọlọ́jà kò sì ra kòkó tútù. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ ra alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, irú èyí tí táyà rẹ̀ tóbi, tí ó ní irin ìdìrù ní iwájú àti ní ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tí ó kọjá, ìjà fẹ́ dé. Àbúrò wa tí ó ń gun ọ̀kadà ní oníjíà ni kí a rà. Ìyá wa tí ó jẹ́ akápò ní èyí tí kò ní jíà yíyí ni kí a rà. Ohùn gòkè. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí a pín owó náà padà, kí olúkúlùkù máa lọ. Èyí dùn mí. Nítorí náà ni mo ṣe lọ ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, tí mo sì bi àwọn mẹkáníìkì léèrè. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. N kò wá pàṣẹ fún yín o. Mo ti fi iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti wá

Ẹ̀rọ yìí kò tíì pẹ́ láyé púpọ̀. Ní 1970 ni Honda, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Jàpáànù, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà. Ní bíi 1983 ni Suzuki gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde. Ní 1985, Polaris ti Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀, oníbẹ́líìtì sì ni. Láti ìgbà náà ni irú méjèèjì ti wà lọ́jà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń dojú dé, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń ṣe é fi gbà ní 1988 pé àwọn kò ní í tà á mọ́ ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi tòkunbọ̀ irú rẹ̀ lọ̀ yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ má rà á.

Kí ni jíà?

Ẹ wo obìnrin tí ó ru àpò kòkó. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, ìgbésẹ̀ rẹ̀ gùn. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, ìgbésẹ̀ rẹ̀ á kúrú. Agbára rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Bí ó ṣe ń ná an ni ó yí padà. Ohun tí jíà ń ṣe fún ẹ̀rọ nìyẹn. Jíà kìíní ni ìgbésẹ̀ kúkúrú: ó lágbára, kò yára. Jíà karùn-ún ni ìgbésẹ̀ gígùn: ó yára, kò lágbára. Kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń já ẹ́ńjìnì kúrò lára táyà fún ìgbà díẹ̀, kí a lè ti inú jíà kan bọ́ sí òmíràn.

Irú mẹ́ta ni ó wà.

Èkíní: a ó fi ọwọ́ fa kílọ́ọ̀ṣì, a ó fi ẹsẹ̀ yí jíà. Bí ọ̀kadà ṣe rí nìyí. Lára ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí a fi ń sáré ìje ni ó sábà máa ń jẹ́ irú rẹ̀.

Èkejì: ẹsẹ̀ ń yí jíà, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà inú wa rántí alùpùpù Honda kékeré, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní Jàpáànù ní 1958. Ẹ kì í fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí Honda ṣe fún iṣẹ́ oko jẹ́ irú èyí. Òun ni wọ́n ń pè ní oníjíà lọ́jà.

Ẹ̀kẹta: kò sí jíà tí a ń fi ẹsẹ̀ yí. Bẹ́líìtì rọ́bà kan ni ó so kẹ̀kẹ́ kékeré méjì pọ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí eré ẹ́ńjìnì bá ti ń yí padà, ẹnu àwọn kẹ̀kẹ́ náà a máa fẹ̀, a sì máa fún. Bẹ́líìtì á gòkè lára ọ̀kan, á sọ̀ kalẹ̀ lára èkejì. Báyìí ni ìgbésẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gùn tí ó sì ń kúrú láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan.

Ẹ wo lẹ́tà tí mo kọ sí ojú pátákó: P, R, N, H, L. Ẹ kà wọ́n sókè. Ẹ ó bá wọn lára ọ̀pọ̀ oníbẹ́líìtì, ní ẹ̀bá ọwọ́ irin kan. P: ẹ̀rọ dúró, táyà kò ní yí. R: ẹ̀rọ ń padà sẹ́yìn. N: ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kò so mọ́ táyà. H: ìrìn yíyára lórí ilẹ̀ dáradára. L: ìrìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára, fún òkè àti ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ lẹ́tà kan ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹ ń kà wọ́n yìí.

Ohun tí ó dára nípa oníjíà

Ọmọ wa ọlọ́kadà kò parọ́. Ẹ̀rọ oníjíà kò ní bẹ́líìtì rọ́bà tí yóò jó tàbí tí yóò já. Ó sábà máa ń lo epo díẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè nínú jíà kìíní tàbí èkejì, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ yóò dì yín mú, bíréèkì kò ní í gbóná jù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é sì jọ ti ọ̀kadà, nítorí náà kò ní ṣòro fún mẹkáníìkì ìtòsí láti mọ ìdí rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí kò bá yí jíà kí ó tó dé òkè, àárín òkè ni agbára yóò ti tán. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá wà. Bí ẹ̀rọ tí ó ru ẹrù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, tí ẹ sì fi ìbẹ̀rù tẹ bíréèkì ẹ̀yìn lójijì, ó lè ṣẹ́yìn dé lé yín lórí.

Ohun tí ó dára nípa oníbẹ́líìtì

Ìyá wa náà kò parọ́. Ẹni tí kò gun alùpùpù rí lè tètè mọ̀ ọ́n gùn. Kò sí jíà tí a ó yí ní àárín òkè. Ojú àti ọkàn ẹni á wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dùn kò ní máa fi ẹsẹ̀ gbé irin jíà sókè sódò ní gbogbo ọjọ́.

Àléébù rẹ̀ ni bẹ́líìtì náà. Bí ẹ bá gbé ẹrù wúwo gun òkè nínú H, bẹ́líìtì á máa yọ̀, á gbóná, á sì jó. L ni ibẹ̀ ń fẹ́. Bí omi odò bá wọ ibi tí bẹ́líìtì wà, ẹ́ńjìnì á máa pariwo, ẹ̀rọ kò sì ní lọ, títí ẹ ó fi tú omi náà jáde. Bí bẹ́líìtì bá já, kò sí ohun tí a lè fi dì í. Òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá mu ni a ó wá. Bí bátìrì bá sì kú, títì kò lè mú un ṣiṣẹ́ bí a ṣe ń ti ọ̀kadà. Bákan náà, gbogbo oníbẹ́líìtì kọ́ ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dì í mú bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè. Ẹ gbọ́dọ̀ dán èyí wò lórí òkè kékeré, láìsí ẹrù, kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí ojú mi rí

Ní 2004, nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́, mo ra alùpùpù oníkílọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ìwà kan: bí mo bá ń gun òkè, n kì í fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tán, nítorí ẹ̀rù pé ẹ́ńjìnì yóò kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ń gbé ìwé ìdánwò àwọn ọmọ oníwèé mẹ́fà lọ. Ní àárín òkè mo gbóòórùn jíjó. Ẹ́ńjìnì ń ké, táyà kò lọ. Mo ru ìwé náà lórí, mo fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé. Àwọn ọmọ náà jókòó láti òwúrọ̀, ebi ti ń pa wọ́n, òmíràn sì ti ń sunkún pé ìdánwò ti bọ́ lọ́wọ́ òun. N kò lè gbàgbé ojú wọn.

Mẹkáníìkì tí ó tún un ṣe kò pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ohun èlò rẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀. Ó wí fún mi pé, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ẹ̀rọ yìí kò ṣẹ̀ yín. Ọwọ́ yín ló jó o."

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́. Ẹ̀rọ rere lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá a mu. Èkejì ni pé ohun tí a lè tún ṣe nítòsí ní iyì tirẹ̀.

Èwo wá ni kí a rà?

Àwọn baba wa sọ pé, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí á má bèèrè èyí tí ó dára jù láyé. Ẹ jẹ́ kí á bèèrè èyí tí ó bá wa mu. Ìbéèrè mẹ́ta ni.

Èkíní, ta ni yóò gùn ún? Ìbá ṣe pé ọmọ wa ọlọ́kadà nìkan ni, n bá ní kí ẹ ra oníjíà kíákíá. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn wa sọ pé ẹni mẹ́rin ni yóò máa gùn ún ní ìpín ọjọ́. Mẹ́ta nínú wọn kò gun alùpùpù rí, ìyá wa sì wà nínú wọn. Ó bi mí ní ọjọ́ náà pé, "Ẹ̀rọ tí n kò lè gùn, ṣé owó mi kò sí nínú rẹ̀ ni?" N kò rí èsì fún un.

Èkejì, irú ọ̀nà wo ni? Òkè ni, ẹrù sì wúwo.

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò tún un ṣe? Ibí yìí ni oníjíà ti borí.

Èmi fúnra mi fẹ́ràn oníjíà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí tíṣà fẹ́ràn ni a dá owó fún. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a ra oníbẹ́líìtì tí ó ní L, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń dì í mú lórí òkè. Kí a ra bẹ́líìtì méjì mọ́ ọn ní ọjọ́ kan náà. Bí owó kò bá tó ra ẹ̀rọ pẹ̀lú bẹ́líìtì méjì, a kò tíì lówó oníbẹ́líìtì nìyẹn. Oníjíà ni kí a rà, kí ọlọ́kadà wa sì kọ́ àwọn mẹ́ta náà fún oṣù kan lórí pápá títẹ́jú kí wọ́n tó gun òkè. Bí ẹ bá gba èyí, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ oníjíà ni mo fẹ́ kí ó máa tọ́jú bẹ́líìtì, nítorí òun ni ó mọ ẹ̀rọ jù nínú wa.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ pa òfin wọ̀nyí mọ́:

1. Ẹ dé akoto. Ẹ má gbé ènìyàn sẹ́yìn. Ìjókòó rẹ̀ gùn kí ẹni tí ń gùn ún lè sún síwájú sẹ́yìn ni; ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún.
2. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ gùn ún.
3. Ẹ ka ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Àpò kòkó kan lé ní kílò 60; lórí ẹ̀rọ mìíràn, ìyẹn nìkan ti tó fún irin ẹ̀yìn.
4. Bí agbára bá tán lórí òkè, ẹ fa bíréèkì iwájú kí ó tó yí padà, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ sí apá òkè.
5. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnì àti bẹ́líìtì sínú ìwé.

Ní ọjọ́ Sátidé a ó dìbò. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí, àtàǹpàkò ni ẹni mẹ́sàn-án nínú wa fi tẹ ìwé àdéhùn. Ní Sátidé, kálukú yóò kọ orúkọ ara rẹ̀, yóò sì kọ "jíà" tàbí "bẹ́líìtì" sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ kọ ọ́ wò ní ilé. Èyí tí ó bá borí ni kí gbogbo wa gbà, kí a má pín owó náà, kí orí àwọn ìyá wa sì sinmi.

Ó dàárọ̀ o.

Ìbéèrè

1. Kí ni lẹ́tà L wà fún?
2. Kí ni ó ba kílọ́ọ̀ṣì tíṣà jẹ́?
3. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, èwo ni ìwọ ìbá rà? Kọ ìdí méjì.