Igbákejì Tí Wọ́n Fi Ń Wá Ìbò Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa obìnrin ọlọ́jà, Pápáláńtò)

  

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, n kò sì wá polówó pátì kankan. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju èyí lọ: bí ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà tàbí ààrẹ bá mú ẹni tí wọ́n á jọ díje, ṣé ẹni yẹn lè mú wa yí ìbò wa padà? Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kó mú wa yí i padà?

Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni du ipò gómìnà láìmú igbákejì. Àmọ́ bí a bá dé ibi ìdìbò, àmì pátì nìkan là ń rí lórí bébà. Orúkọ igbákejì kò sí níbẹ̀. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ pàápàá kò sí níbẹ̀. Ìka kan la ó tẹ̀, èèyàn méjì la ti yàn yẹn.

Oríta ni Pápáláńtò. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlaròó, ẹni tó ti Ṣágámù wá, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Abẹ́òkúta, ibí ni wọ́n ti ń pàdé. Nínú ẹgbẹ́ wa náà, Ẹ̀gbá ń bẹ, Yewa ń bẹ, Rẹ́mọ ń bẹ. Ìdí nìyí tí a fi mọ bí wọ́n ṣe ń pín wa nígbà ìdìbò: bí gómìnà bá ti apá ibí wá, wọ́n á wá igbákejì lọ sápá ibòmíì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdìbò gómìnà ti oṣù kẹta ọdún 2023. Dàpọ̀ Abíọ́dún ti APC, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ. Ládi Adébùtù ti PDP, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ náà. Ìlú kan náà! Kí ló wá kù tí wọ́n á fi yàtọ̀ lójú ará Ọ̀tà tàbí ará Ìpókíá? Igbákejì ni. Abíọ́dún mú Noimot Salako-Oyèdélé, ọmọ Ọ̀tà, tí wọ́n ti jọ wà nípò láti 2019. Adébùtù mú Adékúnlé Akínladé, ọmọ Yewa. Akínladé yìí kan náà ló bá Abíọ́dún du gómìnà ní 2019 lábẹ́ pátì APM, tó ní ìbò 222,153, tí Abíọ́dún ní 241,670. Ẹ rí ọgbọ́n ibẹ̀? Wọ́n rò pé ẹni tó ti kó ìbò tó báyẹn rí á tún kó o bọ̀. Àmọ́ ọmọ Ìlaròó kan, Biyi Otegbeye, ń du gómìnà fúnra rẹ̀ lábẹ́ ADC. Nígbà tí INEC kéde, Abíọ́dún ní 276,298, Adébùtù ní 262,383. Ìyàtọ̀ wọn kò pé 14,000.

Lójú tèmi, èènì ni igbákejì. Kò sí oníbàárà tó máa torí èènì ra gààrí tó ti bu. Ṣùgbọ́n bí gààrí méjì bá dọ́gba, tí owó wọn tún dọ́gba, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi èènì sí i lèèyàn ń yà sí. Ní 2023, àwọn méjèèjì lọ bu èènì nínú agbọ̀n kan náà, ó wá ku ká wo gààrí.

Èènì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ba ọjà tó dáa jẹ́. Nígbà tí MKO Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tiwa, mú Babagana Kingibe láti Borno ní 1993, ariwo ta: Mùsùlùmí méjì! Wọ́n ní àwọn Kìrìsìtẹ́nì ò ní dìbò fún wọn. June 12 dé, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì dìbò fún wọn. Ní Kano tó jẹ́ ìlú Bashir Tofa tí wọ́n jọ ń du ipò, Abíọ́lá ló borí. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìjọba ológun wọ́gi lé ìbò náà ló wá dùn mí jù. Kingibe di mínísítà lábẹ́ Abacha. Abíọ́lá wọ àtìmọ́lé ní 1994, kò sì jáde láàyè. Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù keje 1998. Nígbà tí à ń jà lórí ẹ̀sìn wọn, ta ló béèrè ìwà?

Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èènì a di ọjà. Yar'Adua kú ní oṣù karùn-ún 2010, Jonathan di ààrẹ. Ní ìpínlẹ̀ Òǹdó nítòsí wa níbí, Akérédolú kú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 2023, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n búra fún Aiyedatiwa.

Ọ̀rọ̀ àwa obìnrin ló wá kù. Salmot Badru ṣe igbákejì gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn láti 2003 dé 2011. Yétúndé Ọ̀nànúgà ṣe é láti 2015 dé 2019, Salako-Oyèdélé sì gbà á. Àmọ́ títí kan ìdìbò 2023, ìpínlẹ̀ wa kò tíì dìbò yan obìnrin ṣe gómìnà. Kódà, Virginia Etiaba tó jókòó sórí àga gómìnà ní Anambra ní 2006, igbákejì ni, nígbà tí ilé aṣòfin yọ Peter Obi; oṣù bíi mẹ́ta ló lò kí ilé ẹjọ́ tó dá Obi padà. Wọ́n á ní, “Ẹ̀yin ìyá, obìnrin bíi tiyín la mú o.” Ó dáa. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé ohun tó bá wu gómìnà ló máa fún igbákejì rẹ̀ ṣe. Ó lè fún un níṣẹ́ gidi, ó lè máa rán an lọ síbi ìkómọ àti ìṣílé.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, kí a tó yá èèyàn lówó, a máa ń pe onídùúró rẹ̀ jókòó, a ó bi í léèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe náà nìyẹn. Kí ìdìbò gómìnà mìíràn tó dé, ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà sí àwọn igbákejì olùdíje, pátì yòówù kí wọ́n ti wá, kí wọ́n wá bá wa lọ́jà láìsí ọ̀gá wọn níbẹ̀. Ká bi wọ́n: iṣẹ́ wo ni wọ́n ti ṣèlérí fún yín, ṣé ó wà nínú ìwé? Kí lẹ ó ṣe nípa owó ẹ̀yáwó fún ọlọ́jà? Bí ìpínlẹ̀ bá ṣàdédé bọ́ sí yín lọ́wọ́, kí lẹ ó kọ́kọ́ ṣe? Bí wọ́n bá fi àǹkárá alámì pátì dá wa lóhùn, ẹ jẹ́ ká gba àǹkárá, ká sì tún ìbéèrè bi.

Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́ta yẹn fún akọ̀wé. Ẹni tó bá ní tirẹ̀, kó bá a lẹ́yìn ìpàdé òní. Kó má dúró dìgbà tí mọ́tò ìpolongo bá dé.