Ẹ Tú Ìlédìí Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀dọ̀ Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọdé la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ ti mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ yìí, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni mo máa ń sọ ọ́ fún.

Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n fi mí sí. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọmọ náà ń mu ọyàn dáadáa, ara rẹ̀ sì dá. Ìyá rẹ̀ ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú ọmọ yìí. Ó ti pọ́n látìgbà tí mo ti bí i, kò sì tíì mọ́."

Mo wò ó. Ó pọ́n lóòótọ́. Mo ní, "Ìyá ìkókó, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fún un lọ́yàn dáadáa. Á lọ." Mo gún un lábẹ́rẹ́, mo kọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá sínú káàdì rẹ̀, mo pe ẹni tó kàn.

Mi ò bèèrè bí ìgbẹ́ ọmọ náà ṣe rí. Mi ò tú ìlédìí rẹ̀ wò.

Nígbà tí mo tún máa fojú kàn án, ó ti ń lọ sí oṣù márùn-ún. Ikùn rẹ̀ ti wú, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ wá pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n lórí igi. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn dókítà sọ orúkọ àìsàn náà, wọ́n sì sọ pé àkókò iṣẹ́ abẹ tí ì bá ràn án lọ́wọ́ ti kọjá. Pàṣípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ló kù, òkè òkun ni wọ́n sì ní kí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ṣì ń wá owó kiri nígbà tí ọmọ náà kú. Kò pé ọdún kan. Nígbà tí mo lọ kí ìyá rẹ̀, ńṣe ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá. Títí di òní, ìdúpẹ́ yẹn ń dùn mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwádìí nípa ẹ̀dọ̀ ọmọdé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kó fún yín.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn náà ni biliary atresia. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro. Omi yìí máa ń gba inú àwọn òpó tín-ín-rín kan lọ sínú ìfun, ó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ, òun náà ló sì ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Lára àwọn ọmọ kan, òpó wọ̀nyí máa ń dí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n dé ayé. Omi òróòro ò wá rí ọ̀nà lọ mọ́. Ó ń padà sínú ẹ̀dọ̀, ó ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀dọ̀ á fi le gbagidi. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá ọdún méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ mi dáadáa o: kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ jẹ nínú oyún ló fà á, kì í ṣe ayé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àìsàn náà ò wọ́pọ̀, àmọ́ kárí ayé, òun ló ń gbé ọmọdé dé ibi pàṣípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ jù lọ.

Kí ló wá dé tí oòrùn tí mo ní kí wọ́n máa gbé e sí ò ṣe nǹkan kan? Ohun tó ń mú ojú ọmọ pọ́n ni wọ́n ń pè ní bilirubin, oríṣi méjì ló sì wà. Oríṣi kan ni èyí tí ẹ̀dọ̀ ìkókó ò tíì lágbára láti ṣiṣẹ́ lé lórí. Òun ló wọ́pọ̀, òun sì ni iná tí wọ́n ń tan sí ọmọ nílé ìwòsàn máa ń bá wí. Oríṣi kejì ni èyí tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí tán, tí kò rí ọ̀nà jáde. Kò sí oòrùn tó lè ṣí òpó tó ti dí. Àgbo ò lè ṣí i, omi gúlúkóòsì náà ò lè ṣí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá ọ̀nà sí i ni Dókítà Morio Kasai, ní ìlú Sendai ní Japan, láàárín àwọn ọdún 1950. Ó gé àwọn òpó tó ti bàjẹ́ kúrò, ó fa ìfun ọmọ náà sókè, ó rán an mọ́ ẹnu ẹ̀dọ̀ gan-an, kí omi òróòro lè rí ibi ṣàn gbà. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé ó máa ń dára jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé ọjọ́ 60. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni ìrètí ń dín kù. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà bọ́ sí ọjọ́ 42. Tí ọ̀sẹ̀ kẹwàá bọ́ sí ọjọ́ 70. Ọjọ́ tí ìyá yẹn bi mí léèrè, ọjọ́ 18 ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tó fi máa padà wá gba abẹ́rẹ́ kejì, ọjọ́ 60 ti kọjá.

Ní Taiwan, wọ́n rí i pé ohun tó ń pa àwọn ọmọ yìí ni pé wọn ò tètè mọ̀. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀rọ olówó iyebíye. Wọ́n ya àwòrán ìgbẹ́ ìkókó sórí káàdì kan, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, wọ́n sì fi í sínú ìwé ìlera tí gbogbo ọmọ tuntun ń gbà, jákèjádò ìlú wọn, láti ọdún 2004. Ìyá á kàn fi ti ọmọ rẹ̀ wé èyí tó wà lórí káàdì. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ tó ń rí iṣẹ́ abẹ Kasai gbà kí ọjọ́ 60 tó pé pọ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Káàdì lásán o!

Tí iṣẹ́ abẹ yẹn ò bá ṣiṣẹ́, tàbí tí wọ́n bá pẹ́ jù, pàṣípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ló kù. Ara ọmọdé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú ìyẹn náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1963, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, Dókítà Thomas Starzl fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan tí àìsàn yìí kan náà ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ò dá, ọmọ náà ò sì kúrò lórí tábìlì. Ní 1967, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì lò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn tiẹ̀. Nígbà tí oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀ àlejò wá dé láàárín àwọn ọdún 1980, ọ̀nà là.

Síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ àgbà ò gba inú ìkókó. Ní 1984, Henri Bismuth ní ilẹ̀ Faransé ròyìn bí wọ́n ṣe lè gé e kéré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ronú kan òbí, torí ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà bí wọ́n bá gé lára rẹ̀. Silvano Raia gbìyànjú rẹ̀ ní São Paulo ní Brazil lóṣù Kejìlá ọdún 1988, ọmọ náà ò yè. Lóṣù Keje ọdún 1989, ní Brisbane ní Ọsirélíà, Russell Strong gé lára ẹ̀dọ̀ ìyá kan ará Japan fún ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ náà yè. Ní Chicago, kí wọ́n tó ṣe tiwọn lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé jáde nípa ewu tó wà níbẹ̀ fún òbí tí ara rẹ̀ le. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bá ní "ẹ gé tèmi fún un" kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíì ló yẹ kó bá a ronú.

Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ṣùgbọ́n kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kúrò nílé ìwòsàn. Ọmọ náà á máa lo oògùn lójoojúmọ́, á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóòrèkóòrè, ó sì lè jẹ́ títí ayé. Ọ̀pọ̀ ìdílé láti Nàìjíríà tó gbé ọmọ lọ sí Íńdíà fún un ló mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín nípa ìlédìí. Tí ojú ọmọ bá pọ́n kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kódà bó ń mu ọyàn bí ẹni tí kò sí ohun tó ń ṣe é. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Tó bá funfun bí ẹfun tàbí bí ẹ̀kọ, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ wo ìtọ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ ìkókó kì í sábà ní àwọ̀. Tó bá ń pa ìlédìí láró, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì ya oríṣi bilirubin méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ojú wọn pọ́n, kò ní jẹ́ èyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń kánjú pe ẹni tó kàn. Ọmọ tí ojú rẹ̀ sì pọ́n láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí i, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá.

Láyé àtijọ́, ìyá àgbà tó ń fọ ìlédìí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ. Lónìí, a ń ká Pampers lóru, a ń jù ú nù. Ẹ kọ́kọ́ tú u wò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí abẹ́rẹ́, ìbéèrè kan péré ni mo fi ń bẹ̀ yín lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà: "Ìyá ìkókó, báwo ni ìgbẹ́ ọmọ ṣe rí?" Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti kú, mi ò tíì fo ìbéèrè náà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí.