Ta Ní Ń Kọ́ Olùkọ́?

Mo rí i pé àwa ará yunifásítì ni wọ́n tò sí iwájú, tí àwọn tíṣà sì wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ẹ̀yìn ni wọ́n fi àwa sí.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: ta ní ń kọ́ olùkọ́? Èsì tó yá lẹ́nu wa ni pé yunifásítì ni, tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Yunifásítì ń kọ́ ọ ní ìwé, ó sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n iwájú àwọn ọmọ ni olùkọ́ ti ń di olùkọ́, lọ́wọ́ ẹlòmíì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, lójú àwọn òbí tó bí àwọn ọmọ náà. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí, yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìlú, kò bá jọ fọwọ́ sí i, àbọ̀ olùkọ́ la ń kó jáde lọ́dọọdún, bó ti wù kí aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè wọn dán tó.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Modákẹ́kẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A'. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣíwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan, tó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀, wà lára àwọn tó gbé e ró. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa nígbà náà, wọ́n á fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàrin ọ̀nà. Àwọn ará yunifásítì mú kíláàsì kan gba ọ̀nà àtijọ́ yìí. Wọ́n mú àwọn yòókù gba ọ̀nà tuntun: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì sì di iṣẹ́ lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, àwọn tó fi Yorùbá dé òpin kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n ta wọ́n yọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì wà nínú ẹ̀.

Láti ìgbà náà, èdè nìkan ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá dárúkọ Modákẹ́kẹ́ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń wí ni pé èdè abínibí dára fún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dára. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ, tí àwa olùfẹ́ èdè Yorùbá máa ń fi ọwọ́ gbá dànù. Wọ́n ní kì í ṣe èdè ló gbé àwọn ọmọ yẹn lékè, pé olùkọ́ wọn la ojú ju ti àwọn yòókù lọ, pé ìwé wọn dára jù, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wọlé wọ̀de lára wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé dípò ká máa bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, ńṣe ló yẹ ká dìde fún ẹni tó sọ ọ́. Àní bó bá jẹ́ pé olùkọ́ tí a tọ́jú dáadáa àti ìwé tí a fara balẹ̀ kọ ló ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, ṣé kò yẹ ká béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú olùkọ́ ọ̀hún?

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Yunifásítì kò dúró sí ọgbà rẹ̀ kó máa ránṣẹ́ sí tíṣà pé kó wá. Òun ló lọ. Kò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ yunifásítì. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò ló lọ. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí náà kíkọ ni wọ́n kọ ọ́. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́, tíṣà á gbé e wọ kíláàsì, ibi tí ọmọ bá ti kọsẹ̀ á hàn, wọn á sì tún un ṣe. Wọ́n ń pe àwọn tíṣà jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè mọ ìdí ohun tí wọ́n ń ṣe àti bí wọn yóò ṣe máa ṣe é. Tíṣà tó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tí wọ́n kàn ń pàṣẹ fún. Ó mọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀, èyíinì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ nígbà tí ebi ti ń pa ọmọ tí ìṣirò kò sì tíì tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n nílò rẹ̀, òun náà nílò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí èmi ń pè ní àjọṣe nìyẹn. Ọdún méjì kọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Láti 1970 títí di 1978 ni.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ pé àtijọ́ dára ju ìsinsìnyí lọ. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. St. Andrew's College ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1896, ó ń kọ́ olùkọ́, àwọn tó sì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà kì í jìnnà sí ọmọ tí wọn yóò kọ́. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432. Níbo ni ẹ rò pé tíṣà tó tó wọn ti fẹ́ wá? Ọ̀pọ̀ tó dúró níwájú kíláàsì nígbà náà kò kọ́ṣẹ́ rárá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ hù káàkiri, tí wọ́n ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Kẹta àti Gíréèdì Kejì. Díẹ̀ nínú wọn kò mọ ìṣirò tó bó ṣe yẹ, àwa tí a jókòó níwájú wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1977 fi sọ pé NCE ni kó di ìwé ẹ̀rí tó kéré jù fún iṣẹ́ olùkọ́. Ìpinnu tó dára ni. Àmọ́ bí ìwé ẹ̀rí ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí a ti ń gbà á ń jìnnà sí ọmọ kékeré. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọdún mẹ́rin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́, kó mọ èrò àwọn onímọ̀ bíi Piaget àti Skinner lórí bí omi, kó má sì tíì pàdé ọmọ ọdún méje ju ìgbà tí wọ́n rán an lọ fún ìdánrawò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní TP.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ sórí TP yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ti ń jò. Akẹ́kọ̀ọ́ gba lẹ́tà, ó gbé e lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Kíláàsì kẹrin ni kó o lọ, Mọ̀má Fọ́lọ́runṣọ́ á fi ibi tí wọ́n dé hàn ọ́." Mọ̀má fi ibẹ̀ hàn án ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n gbé ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. N kò bá wọn wí. Ta ló sọ fún Mọ̀má pé iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbà? Kò sí ẹni tó pè wọ́n sí ìpàdé, kò sí ìwé kan tó sọ ohun tí a ń retí lọ́wọ́ wọn, kò sì sí kọ́bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ san owó TP, ó san án síbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí èyí tó dé ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwa olùkọ́ yunifásítì gúnlẹ̀. Ìròyìn wa ti ṣáájú wa dé. Wọ́n ti gbá kíláàsì, wọ́n ti lẹ àwòrán mọ́ ògiri. Wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ wò ní àná, kí àwọn ọmọ má bàa dójú ti tíṣà. A jókòó sẹ́yìn, a wo lẹ́sìn nóòtù, a mú máàkì sínú fọ́ọ̀mù, a bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi, a wọ mọ́tò, ó di ilé-ẹ̀kọ́ tó kàn. Mọ̀má Fọ́lọ́runṣọ́ tó ń gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójoojúmọ́, a kì í bi wọ́n pé báwo ni ọmọ yìí ṣe ń ṣe sí. Bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló mọ̀ bóyá ó ń tètè dé, bóyá ó ń na ọmọ, bóyá ọmọ tó jókòó sí igun wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí kò sí.

Kò sí télọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á jókòó ti ọ̀gá, á gbọn aṣọ, á lọ bọ́tìnnì, yóò pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà. Ọ̀gá tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń sọ pé ó ti tó gbà. Bí ọjọ́ ìgbàmìnira bá sì dé, àwọn òbí wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wà níbẹ̀. Àwa tí à ń fi ọmọ èèyàn kọ́ṣẹ́, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yege.

Ti ìlú ńkọ́? Ìtàn ẹ̀kọ́ wa kún fún ìlú tó ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Oòni Adésọjí Adérẹ̀mí ló dá Oduduwa College sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1932. Àwọn ìlú mìíràn dá owó, wọ́n fún ní ilẹ̀, wọ́n ru búlọ́ọ̀kù. Títí di òní, bí òrùlé kíláàsì bá ṣí, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, PTA, ni wọ́n ń ké sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan irú tíṣà tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ wọn, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n. Àkọlé kan wà nínú ìwé ìmọ̀ àwùjọ tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa á ya àwòrán òfì sí pátákó ní Ìṣẹ́yìn, níbi tí àwọn aláṣọ òkè ti ń hun aṣọ ní ìta ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé ó lè mú àwọn ọmọ jáde, tàbí pé ó lè pe bàbá ọ̀kan nínú wọn wọlé. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì pe irú bàbá bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní àga, kì í ṣe bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ.

Ẹ lè bi mí pé bí iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́ ṣe dára tó yẹn, kí ló dé tí kò fi gbilẹ̀? Wọ́n mú un dé ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní agbègbè Ifẹ̀ ní 1973. Ṣùgbọ́n owó òkèèrè ni, owó òkèèrè a sì máa tán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE káàkiri orílẹ̀-èdè, ojú gbogbo wá lọ sára bí wọ́n ṣe máa rí tíṣà kíákíá, kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa rọra kọ́ wọn. Ìwé tó ròyìn iṣẹ́ náà ní kíkún fún aráyé kò jáde títí di 1989. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ṣùgbọ́n àgbájọ àwọn tíṣà àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà ti tú ká nígbà yẹn. Ní èrò tèmi, ohun tó pa á ni pé kò sí àdéhùn kan tó de yunifásítì mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àwọn olólùfẹ́ iṣẹ́ náà bá ti lọ. Ìfẹ́ ọkàn ló gbé e dúró. Tíṣà tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, ìjọba lè gbé e lọ síbòmíràn ní ọ̀la.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni. Inú bí wa. Nínú ayọ̀ àti ìbínú yẹn, ìwọ̀nba ni mo gbọ́ tó béèrè pé ta ló fẹ́ kọ́ àwọn tíṣà tó máa lò ó, ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà tí kò ní olùkọ́ nínú, fífagi lé e kò le.

Ẹ wò ó, ohun tí mo ń tọrọ kò nílò Ford Foundation. Kí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bíi mélòó kan tó wà nítòsí rẹ̀, kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú wọn, pẹ̀lú SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pẹ̀lú PTA. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ síbẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́, lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kó tó di pé ó dá kíláàsì mú. Kí àjọ SUBEB má ṣe gbé tíṣà tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò láàrin ọdún. Kí àwa olùkọ́ yunifásítì náà máa mú ṣọ́ọ̀kì níwájú kíláàsì kejì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí tíṣà wá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, kó fún wa ní máàkì. Èmi ti ṣe tán.

Ọ̀gá àgbà yunifásítì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí parí sí lọ́wọ́. Ẹ kò nílò ìgbìmọ̀ kankan fún èyí. Nínú owó TP tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ san ní sáà yìí, ẹ yọ ti tíṣà kíláàsì tó gbà wọ́n, ẹ kọ lẹ́tà ìgbani-síṣẹ́ fún wọn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwọn olùkọ́, ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù wa kí máàkì tiwọn lè wà níbẹ̀. TP tó ń bọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.