Ta Ló Kọ Ìwé Owó Oṣù Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

A kò ní pẹ́, nítorí a mọ̀ pé àwọn tó ń wọ iṣẹ́ òru ti ń wo aago.

Ọ̀rọ̀ ìwé owó oṣù ni a bá wá. Nígbà kan, akọ̀wé ni ń fi ọwọ́ kọ ọ́. Bí owó bá dín, a ó lọ bá a lójú fèrèsé, a ó jọ ka wákàtí tí a ṣe. Nísinsìnyí, orí fóònù ni ìwé náà ń bá wa, ní PDF, ní òru tí ẹnikẹ́ni kò sí ní ọ́fíìsì. Ta ló wá kọ ọ́?

A lọ jókòó ti akọ̀wé kan títí ó fi yé wa. Ibi kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí, dátábéèsì ni wọ́n ń pè é: orúkọ, nọ́ńbà iṣẹ́, wákàtí, ófátáìmù, owó tí wọ́n yọ. Ẹnìkan ti to ìwé náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: orúkọ níbí, wákàtí lọ́hùn-ún, àpapọ̀ nísàlẹ̀. Ó tún ti pàṣẹ irú àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà yóò mú. Bí ọjọ́ bá pé, kọ̀ǹpútà á mú òṣìṣẹ́ kan, á fi tirẹ̀ kún àwọn àyè tó ṣófo, á sọ ọ́ di PDF, á fi ránṣẹ́, á tún mú ẹni tó kàn. (Àwọn akọ̀wé tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

PDF fúnra rẹ̀ kò burú. Ilé-iṣẹ́ Adobe ló gbé e jáde ní 1993, ó sì di ìlànà àgbáyé ní 2008. Bó ti rí lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá ni yóò rí lórí fóònù yín.

Inú àṣẹ yẹn ni wàhálà wà. Ní oṣù kan, ófátáìmù àwọn ará wa kan kò jáde. Ọ́fíìsì ní, "Kọ̀ǹpútà ló ṣe é, kọ̀ǹpútà kì í ṣì í." A ní kí wọ́n ṣí i kí a rí i. Wákàtí wọn pé sínú dátábéèsì, kò dín ẹyọ kan! Ṣùgbọ́n àṣẹ tó wà níbẹ̀ ni pé kìkì wákàtí tí fóòmàn bá ti fọwọ́ sí lórí kọ̀ǹpútà kó tó di ọjọ́ 25 ni kí ó mú. Fóòmàn dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọ̀sẹ̀ náà. Igbákejì rẹ̀ fọwọ́ sí i lórí tákàdá, kò sẹ́ni tó gbé e wọ kọ̀ǹpútà. Ìwé wá jáde mọ́ tónítóní, àmì ilé-iṣẹ́ wà lókè, iṣẹ́ òru 4 sì ti wọmi. Àríyànjiyàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi gba owó náà.

A tún rí ohun kan níbẹ̀, òun gan-an ló gbé wa dìde lónìí. Àkọsílẹ̀ inú dátábéèsì ṣeé yí padà lẹ́yìn tí oṣù ti parí. Bí wọ́n bá yí i, tí wọ́n tún tẹ bọ́tìnnì, PDF mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè jáde, kó sì rọ́pò ti àkọ́kọ́ ní ọ́fíìsì. Èyí tí ẹ ti gbé pamọ́ sórí fóònù yín kò ní bá a yí. Nítorí náà, ọjọ́ tó bá dé ni kí ẹ gbé e pamọ́. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá gbà á, kó tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá.

Ẹ máa kà á pẹ̀lú. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní ìdá 8 nínú 100 ni ti òṣìṣẹ́, ìdá 10 ni ti agbanisíṣẹ́, ó kéré tán. Òfin iṣẹ́ sì ní gbogbo owó tí wọ́n bá yọ lóṣù kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́ta owó oṣù lọ.

A ti kọ̀wé sí máníjà pé kí wọ́n fi àṣẹ tó ń yan wákàtí han ẹgbẹ́, kí wọ́n má fi ìwé tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kí wákàtí tí a kò tíì fọwọ́ sí sì máa hàn lórí ìwé. Kò tíì dá wa lóhùn. Ọjọ́bọ̀ ni a ó tún lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ dín lóṣù tó kọjá, kó fún wa ní ìwé rẹ̀ kó tó wọṣẹ́ lálẹ́ yìí.