Àdùnní àti Igbó Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin olùwòran, a máa ń rò pé ẹni tí ó bá ti kọ́ṣẹ́ tán, tí ó sì gbéyàwó tàbí lọ́kọ, ti yan ọ̀nà rẹ̀ láyé pátápátá. Susanne Wenger ti kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Graz àti Vienna, ó sì ti súnmọ́ ọmọ ọdún 35, kí ó tó bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, dé Ìbàdàn lọ́dún 1950. Kò pẹ́ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi dá a dùbúlẹ̀.

Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò padà sí ìgbésí ayé rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀dọ̀ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ni ó gbà lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí èyí: ọ̀mọ̀wé tún di ọmọ ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí kò tilẹ̀ tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Nígbà tí ó dé Òṣogbo, àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ti ń wó, ikán sì ti wọ̀ wọ́n. Òun àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú ni wọ́n tún wọn ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni tẹ́lẹ̀. Àwọn kan pe Àdùnní ní abọ̀rìṣà. Àwọn mìíràn ní ère sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò jọ ti àwọn baba ńlá, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò gé igbó náà. Lọ́dún 2005, UNESCO kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Òṣogbo ni Àdùnní kú sí lọ́dún 2009, ní ẹni ọdún 93.