Má Di Bóòtù Nígbà Tí Ọkọ̀ Wà Lókè

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Jos)

Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbà kíákíá, nítorí gbèsè kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ san lójú gbogbo yín.

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rántí ẹjọ́ tí mo gbé wá sí iwájú ẹgbẹ́. Mo fi ẹ̀sùn kan ọmọ ìlú wa kan tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, mo ní ó ta búùṣì ayédèrú fún mi. Oníbàárà mi kan ni ó ni ọkọ̀ náà, Land Rover àtijọ́ tí ó fi ń kó ànàmọ́ òyìnbó láti Bokkos wá sí Jos. Èmi ni mo pààrọ̀ gbogbo búùṣì síprín rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọkọ̀ náà fi padà wá, tí ìdí rẹ̀ ń dún kò-kò-kò, tí rọ́bà búùṣì sì ti fà ya. Inú bí mi, mo pe ọ̀rẹ́ mi lólè. Ẹ̀yin àgbà ní kí n ṣe sùúrù, ẹ ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òsìkà ni. Mo lọ ra búùṣì mìíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo tún fi sí i. Ìyẹn náà ya bákan náà. Nígbà náà ni ojú mi tó là. Búùṣì kọ́ ni ó burú, ọwọ́ èmi tí mo fi í sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ó yé àwọn tí kì í ṣe mẹkáníìkì. Land Rover jáde ní ọdún 1948. Irú èyí tí mo ń sọ, tí ó ń lo síprín oníwèé ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, ni wọ́n ṣe títí di ọdún 1985. Etí síprín yìí ní ihò, inú ihò náà ni búùṣì ń gbé. Búùṣì wà pẹ̀lú nínú ihò ṣásí, níbi tí ṣákù, èyíinì ni àwọn irin pẹlẹbẹ tí ó so síprín mọ́ ọkọ̀, gbé rọ̀ mọ́ ọn. Ìpele mẹ́ta ni búùṣì: irin roboto kékeré wà nínú, irin roboto ńlá wà lóde, rọ́bà wà láàárín wọn, ó sì lẹ̀ mọ́ irin méjèèjì pinpin.

Ẹ fi etí sí ibí yìí dáadáa. Irin òde há sínú etí síprín, kò lè yí. Irin inú, bóòtù ti dì í mú, òun náà kò lè yí. Nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò tí síprín sì mì, rọ́bà nìkan ni ó ń lọ́, bí ìgbà tí a ń fún aṣọ. Bí síprín bá padà sí ipò rẹ̀, rọ́bà á tú, á sinmi. Ipò tí ọkọ̀ wà nígbà tí o di bóòtù rẹ̀ pa, ibẹ̀ ni rọ́bà mọ̀ sí ibi ìsinmi.

Kí ni èmi ṣe? Mo gbé ọkọ̀ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, síprín tẹ̀ kọrọdọ, mo sì di gbogbo bóòtù pa pátápátá níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, tí ẹrù sì tẹ̀ ẹ́, síprín nà. Láti ìgbà náà ni rọ́bà ti lọ́ kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Kò sinmi lọ́sàn-án, kò sinmi lóru. Kòtò kọ̀ọ̀kan tún ń lọ́ ọ kún un. Báwo ni kò ṣe ní ya?

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí. Wá ilẹ̀ títẹ́jú, fi òkúta dí táyà. Tí o bá ti fi jáàkì gbé ọkọ̀, gbé ṣásí rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ irin tí ó lágbára. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ̀mí kò ní ẹ̀yà tí a lè rà pààrọ̀. Fi òróró tí ń tú ìpáta sí ara bóòtù láti àná rẹ̀, nítorí bóòtù sábà máa ń dípẹtà mọ́ irin inú, nígbà mìíràn àfi kí a gé e. Ra bóòtù tuntun sílẹ̀.

Láti yọ búùṣì àtijọ́, lu rọ́bà rẹ̀ jáde, kí o wá fi ayùn irin gé irin òde rẹ̀ ní òró. Rọra, kí ayùn má baà jẹ etí síprín. Má ṣe fi iná sun ún: èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, iná sì ń ba líle síprín jẹ́. Fi sáńdípépà nu ihò náà mọ́.

Fi fáìsì tàbí bóòtù gígùn pẹ̀lú wáṣà tì búùṣì tuntun wọlé. Ara irin òde ni kí o ti tì í. Ẹni tí ó bá fi òòlù gbá irin inú ti já rọ́bà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí òróró ẹ́ńjìnnì kan rọ́bà, nítorí á wú, á sì rọ̀. Bí o bá pààrọ̀ ti ọ̀tún, pààrọ̀ ti òsì pẹ̀lú.

Nísinsìnyí, ki bóòtù bọ̀ ọ́, kí o fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì dé ìdí lásán. Dá táyà padà, sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Tì í síwájú, fà á sẹ́yìn, fi ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó jókòó. Ìgbà yìí gan-an ni kí o wá mú sípánà, kí o di bóòtù pa dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà wí. Lẹ́yìn tí ó bá ti rìn fún ọjọ́ díẹ̀, tún wò ó.

Òfin kan náà ni fún búùṣì rọ́bà inú àwọn ọkọ̀ tuntun. Búùṣì oníke líle tí ó dé lẹ́yìn ń yí ní tirẹ̀, ó sì ní gíríísì tirẹ̀. Ẹ ka ìwé tí ó bá a wá.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá gbọ́ kò-kò-kò, bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí táyà bá ń jẹ ní apá kan ju èkejì lọ, ẹ má fi í ṣeré. Gbogbo wa ni a ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé lọ́jọ́ ọdún, ọ̀nà sì jìn.

Mo ti dá owó iṣẹ́ padà fún oníbàárà mi. Ó kù sí ọ̀rẹ́ mi tí mo bà lórúkọ jẹ́ nínú yàrá yìí kan náà. Ọ̀gbẹ́ni, ojúlówó ọjà ni o tà fún mi. Mo jẹ̀bi, mo sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, kí ẹ tó pe ẹni tí ó ta ọjà lólè, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín.